Alta: Ìlú tí Òjò Dídì Lé Kúrò, tí Òjò Dídì Tún Pè Padà

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, odindi wákàtí 60 ni wọ́n fi ti àwọn ará ìlú kan mọ́lé lórí òkè kan ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ogun, kì í sì í ṣe kónílé-ó-gbélé àrùn Kòrónà. Òjò dídì ló ń rọ̀ tí kò dáwọ́ dúró. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ ìlú náà ti dí, òkè tó wà lókè orí àwọn ilé sì ti ru ẹrù tí apá rẹ̀ kò fẹ́ ká mọ́. Òfin ìlú ni pé bó bá ti rí báyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ẹsẹ̀ síta. Kò gbọdọ̀ lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, kò gbọdọ̀ sọdá sí òtẹ́ẹ̀lì kejì, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà kó ní òun fẹ́ ya fọ́tò. Interlodge ni wọ́n ń pe òfin náà, ẹni tó bá sì rú u, ó rú òfin gidi. Ohun tó wá pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé owó ńlá ni ọ̀pọ̀ àwọn tó há sínú ilé wọ̀nyẹn san kí wọ́n tó lè débẹ̀, nítorí òjò dídì yẹn gan-an ni wọ́n sì ṣe wá.

Alta lorúkọ ìlú náà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ará Amẹ́ríkà ní 2020, ènìyàn 228 péré ni wọ́n bá níbẹ̀. Ilé ìwé girama kan ṣoṣo lè ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Àmọ́ bí o bá dárúkọ Alta létí ẹni tó fẹ́ràn eré síkì, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi pátákó gígùn méjì bọ ẹsẹ̀ yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, yálà ará Japan ni o tàbí ará Switzerland, ojú rẹ̀ á tàn. Fàdákà ló kọ́kọ́ kó èrò lọ síbẹ̀. Òjò dídì ló lé wọn. Nígbà tí fàdákà tán, òjò dídì tó lé wọn yẹn náà ló wá di ọjà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwa Yorùbá mọ yìnyín, èyí tó máa ń bá òjò bọ̀ tí ń dún lórí páànù, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ kó tó yọ́. Ohun tó ń rọ̀ ní Alta kì í ṣe ìyẹn. Inú Bíbélì la ti rí "òjò dídì", òun náà ni mo sì máa lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní Chicago kàn máa ń sọ pé "sínóò" ti dí àwọn mọ́lé. Orúkọ kan yìí pàápàá kò kájú ẹ̀. Òjò dídì kan wà tó kún fún omi, tó wúwo bí amọ̀. Òmíràn wà tó ti gbó tó sì le bí òkúta. Ẹ̀kẹta ni èyí tó gbẹ, tó fúyẹ́, tó jẹ́ pé bí o bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tí o fẹ́ ẹnu sí i, á fò lọ bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀. Lẹ́búlẹ́bú yìí ni Alta fi lókìkí.

Orí àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Little Cottonwood ni ìlú náà wà, nínú àwọn òkè Wasatch, ní ìlà oòrùn Salt Lake City. Bí ọ̀nà bá ṣí, ìrìn náà kò tó wákàtí kan láti àárín ìlú ńlá yẹn. Láyé àtijọ́, odò yìnyín ńláńlá ló rọra gbẹ́ àfonífojì náà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fi dúró ṣánṣán bí ògiri. Ẹnu àfonífojì yìí ni àwọn ọmọ ìjọ Mormon ti gé òkúta tí wọ́n fi kọ́ tẹ́ńpìlì wọn ní Salt Lake City, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1853 tí wọn kò sì parí títí di 1893. Ìsàlẹ̀ Alta pàápàá ti ga tó 2,600 mítà sí òkun, téńté òkè Baldy tó wà lókè rẹ̀ sì lé ní 3,370 mítà. Ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ wá máa ń mí gúlegúle lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn Mormon tó tẹ Salt Lake dó ní 1847 kò wá fàdákà lọ. Brigham Young, olórí wọn, fẹ́ kí wọ́n dáko, kí wọ́n gbẹ́ ipa omi, kí wọ́n kọ́lé. Ojú tó fi wo ẹni tó ń lé góòlù kiri kò dára. Àwọn sójà tí ìjọba àpapọ̀ kó wá sí Utah lábẹ́ Patrick Connor, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn òkè náà wò. Fàdákà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fàdákà tó wà lórí òkè tí kò lọ́nà, òkúta lásán ni. Ọdún 1869 ni ọ̀ràn yí padà. Ọdún yẹn ni ọ̀nà ojú irin tó ti ìlà oòrùn bọ̀ àti èyí tó ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ pàdé, ilẹ̀ Utah gan-an ni wọ́n sì ti pàdé. Kò pẹ́ sígbà náà tí Alta kún fún awakùsà, oníṣòwò àti ilé ọtí.

Kòtò kùsà tó lókìkí jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Emma. Òkúta inú Emma lówó lórí débi pé wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń dà á sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá sí Swansea ní Wales, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ, èrè ṣì ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìrìn yẹn. Ní 1871, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní London láti ra Emma, wọ́n sì pe iye rẹ̀ ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Kí àwọn olówó ìlú Ọba lè fọkàn tán an, wọ́n nílò orúkọ tó wúwo. Orúkọ tí wọ́n rí ni ti Robert Schenck, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní London fúnra rẹ̀. Ó gbà kí wọ́n fi òun ṣe ọ̀kan lára àwọn olùdarí. Àwọn ènìyàn rí orúkọ aṣojú ìjọba, wọ́n sáré gbé owó wá. Wọ́n pín èrè fún wọn lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkàn gbogbo wọn balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Kò pẹ́ tí òkúta olówó iyebíye fi tán nínú kòtò. Ariwo ta ní London, ó ta ní Washington. Àwọn kan ní àwọn tó tà á ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé inú kòtò ti fẹ́ gbẹ. Ọ̀rọ̀ náà délé ẹjọ́, ó sì délé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, wọ́n tọ pinpin rẹ̀ ní 1876. Schenck fipò sílẹ̀ lọ́dún náà. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kò ní ṣaláì pa ẹ lẹ́rìn-ín: òun kan náà ni wọ́n sọ pé ó kọ́ àwọn ọ̀tọ̀kùlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tẹ́tẹ́ káàdì tí wọ́n ń pè ní póókà, tó sì kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ní tèmi o, èyí tí wọ́n ta lórí tábìlì káàdì kò tó èyí tí wọ́n ta sínú kòtò Emma.

Gbájúẹ̀ nìyẹn, gbájúẹ̀ a sì máa tán. Àmọ́ ìyà kan wà tó ń jẹ àwọn tó ń gbé orí òkè náà lójoojúmọ́ tí London kò mọ̀ sí. Àwọn awakùsà nílò igi láti fi gbé òrùlé kòtò dúró, wọ́n nílò igi ìdáná, wọ́n nílò pákó ilé. Wọ́n gé gbogbo igi tó wà lára òkè títí ó fi pá bí orí àgbàlagbà. Ó dàbí ẹni pé kò sẹ́ni tó rò ó pé igi wọ̀nyẹn wà lára ohun tó ń di òjò dídì mú lókè. Nígbà tí òtútù dé, tí òjò dídì gun orí òjò dídì, kò sí ohun tó dá a dúró mọ́. Á ya lóru bí omíyalé, á sì gbá ilé, ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn lọ sísàlẹ̀. Jálẹ̀ àwọn ọdún 1870, òkú ń gorí òkú. Iná jó ọ̀pọ̀ ilé ìlú náà ní 1878. Wọ́n tún un kọ́. Ní 1885, òjò dídì tún ya lu ìlú náà, ó sì pa ènìyàn 16. Nígbà tí iye owó fàdákà wá wó lulẹ̀ ní 1893 ní gbogbo Amẹ́ríkà, kò sóhun tó tún dá ènìyàn dúró níbẹ̀ mọ́. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí ọdún 1930 fi máa kọjá díẹ̀, ọkùnrin kan ló kù tó ń pe ara rẹ̀ ní ará Alta. George Watson lorúkọ rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ kùsà káàkiri òkè náà, ó sì gbà gbọ́ pé fàdákà á tún padà. Nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó lè bá a dupò, ó fi ara rẹ̀ jẹ Méyọ̀ ìlú náà. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ń pè é bẹ́ẹ̀. Owó orí ilẹ̀ wọ̀nyẹn ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí àwọn ọdún 1930 ń lọ sópin, ó bá àjọ tó ń bójú tó igbó ìjọba àpapọ̀ ṣe àdéhùn: ó fi ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè fi ṣe pápá eré síkì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: orí ilẹ̀ ni, kì í ṣe inú ilẹ̀. Òkè ilẹ̀ tí òjò dídì ń bọ́ sí ló yọ̀ǹda. Nínú gbogbo ohun ìní rẹ̀, apá tí gbogbo awakùsà ti ń bú láti ìgbà pípẹ́ ló fi tọrẹ, apá yẹn ló sì wá di olówó.

Ẹni tí àjọ náà rán lọ wo òkè ni Alf Engen. Ọmọ Norway ni, ìlú Mjøndalen ni wọ́n bí i sí ní 1909, ó sì wọ Amẹ́ríkà ní 1929. Nínú eré kí wọ́n fi síkì fò láti orí àtẹ̀gùn gíga kí wọ́n sì balẹ̀ jìnnà réré, bóyá ni ẹnìkan wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà tó lè bá a figagbága. Àárín àwọn ọdún 1930 ló gba ọ̀nà ẹ̀yìn, láti ìhà Brighton, ó gun òkè kọjá, ó yọjú sí Alta láti òkè. Òkè pípá ló rí, pẹ̀lú àwókù ilé awakùsà tó yọ orí sókè nínú òjò dídì. Ó kọ ìwé padà fún àwọn tó rán an pé ibẹ̀ dára fún síkì, ó sì fi kún un pé kí wọ́n gbin igi padà. Wọ́n gbìn ín lóòótọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba Roosevelt gbà síṣẹ́ nígbà ọ̀dá owó ló gbẹ́ ihò tí wọ́n sì gbin igi náà, díẹ̀ lára igi tó wà níbẹ̀ lónìí sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Lọ́yà kan ní Salt Lake City, Joe Quinney, kó àwọn oníṣòwò jọ ní 1938, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti fi owó sí i. Ọdún méjì péré ló ti kọjá tí wọ́n ṣe àga tó ń rìn lórí wáyà fún àwọn oní-síkì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé, ní Sun Valley ní ìpínlẹ̀ Idaho. Àwọn ará Alta náà fẹ́ ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Irin àti wáyà tí àwọn awakùsà fi ń gbé òkúta sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n lọ ṣà, wọ́n fi kọ́ wáyà Collins. Òun ló ń gbé ènìyàn gòkè níbi tí irú rẹ̀ ti ń gbé fàdákà sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kìíní 1939. Sẹ́ǹtì 25 ni wọ́n fi ń gun un lẹ́ẹ̀kan, dọ́là kan àbọ̀ sì ni fún gbogbo ọjọ́.

Ìṣòro tó kù ni pé àwọn tó mọ síkì jù nígbà náà kò mọ bí wọ́n á ṣe ṣe é nínú òjò dídì tó jìn. Ní Yúróòpù, ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ: ẹsẹ̀ kan lo máa tẹ̀, ara rẹ á yí síhà ibi tó o fẹ́. Bó o bá ṣe bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú tó dé ọ ní àyà, ẹsẹ̀ tó o tẹ̀ á rì, èyí tó kù á léfòó, ìwọ á sì dojú bolẹ̀. Orí òkè Alta ni Engen àti Dick Durrance, tó wá máa bójú tó ilé ìwé síkì níbẹ̀ láti 1940, ti fi ọwọ́ ara wọn wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì á pọ̀ bí ẹsẹ̀ kan, ẹrù ara á pín sórí wọn bákan náà, oní-síkì á sì máa lọ sókè sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó jókòó lórí ọkọ̀ ojú omi tí ìgbì ń gbé. Ojú ò ní rí pátákó rárá, ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà. Eruku funfun nìkan ló máa ń fò kọjá lójú ẹni. Àwọn tó ti ṣe é sọ pé ó sàn ju fífò lọ. Èmi tí n kò ṣe é rí ò lè jiyàn. Ìlànà yẹn ló tàn káyé láti ibẹ̀. Ní 1942, ní àárín ogun, Durrance kọ́ àwọn sójà tó ń fi agbòòrùn fò láti inú ọkọ̀ òfurufú ní síkì níbẹ̀. Engen gba ilé ìwé síkì náà ní 1948, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú láti 1997.

Gbogbo èyí kò ní já mọ́ nǹkan kan bí ohun tó pa àwọn awakùsà bá tún pa àwọn àlejò. Ibi tí ìtàn Alta ti kan gbogbo ayé gan-an nìyí, ó sì jọ mí lójú ju gbogbo ọ̀rọ̀ síkì lọ.

Lẹ́yìn ogun, ní 1945, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Monty Atwater dé síbẹ̀. Ó kàwé ní Harvard, ó sì jagun pẹ̀lú ẹ̀ka ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń jà lórí òkè. Àjọ igbó ìjọba gbà á síṣẹ́ pé kó máa sọ ìgbà tí òkè léwu. Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, kò sí ilé ìwé tó ń kọ́ni nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn òjò tó rọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó ń wọn ìwúwo rẹ̀, ó ń wo ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ, ó ń gbẹ́ kòtò sínú òjò dídì láti ka ìpele rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé.

Ohun tó wà nínú kòtò bẹ́ẹ̀ ni pé òjò dídì kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ìjì kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ́ ìpele tirẹ̀ sórí ti àná. Ìpele kan lè di pọ̀ bí pátákó. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lè ti di hóró hóró bí ṣúgà, tí hóró kan kò di èkejì mú. Bí pátákó bá jókòó sórí ṣúgà lára òkè tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, kí ènìyàn kan ṣoṣo gbé ẹsẹ̀ lé e ti tó: á là gààràgà láti ìkángun kan dé ìkejì, gbogbo rẹ̀ á sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ariwo ló ń já a. Kì í ṣe ariwo. Ẹrù ni.

Ọgbọ́n tí Atwater dá ni pé bó bá jẹ́ pé ó máa ya náà ni, kí wọ́n kúkú jẹ́ kó ya nígbà tí wọ́n fẹ́, tí kò sí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ohun abúgbàù sí i láti orí òkè. Ibi tí ọwọ́ kò dé, ó wá ìbọn àgbá fún un. Ní 1949 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àgbá yìnbọn lu òkè náà, àgbá àwọn ará Faransé tí wọ́n ti lò nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn tó sùn sí Alta lálẹ́ tí òjò rọ̀ kò nílò agogo tó ń jí ènìyàn. Àgbá ló ń jí wọn. Ní 1952, Ed LaChapelle dara pọ̀ mọ́ ọn, onímọ̀ yìnyín tó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Davos ní Switzerland. Èyí tí Atwater fi ojú àti ìgboyà mọ̀, LaChapelle fi ìṣirò àti awò kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ló di ìpìlẹ̀ ohun tí wọ́n fi ń dáàbò bo àwọn òpópónà orí òkè àti pápá síkì káàkiri Amẹ́ríkà. Dolores, ìyàwó LaChapelle, jẹ́ ògbóǹtarìgì oní-síkì, ó sì di òǹkọ̀wé nípa bí ènìyàn ṣe yẹ kó bá ilẹ̀ gbé. Ohun tó máa ń sọ ni pé oní-síkì inú lẹ́búlẹ́bú kì í ṣe ọ̀gá òkè; òun, òjò dídì àti òòfà ilẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é. Tọkọtìyàwó náà ti kọ ara wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó kú, ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín ikú àwọn méjèèjì ní 2007 kò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí ló dé tí òjò dídì ibẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀? Ìjì tó ń ti òkun Pàsífíìkì bọ̀ máa ń da èyí tó wúwo sílẹ̀ sórí àwọn òkè California. Èyí tó kù á sọdá aṣálẹ̀ Nevada, á kọlu Wasatch, òkè á gbé e sókè lójijì sínú òtútù, á sì tú gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Adágún iyọ̀ ńlá tó wà nítòsí a máa bu díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò. Bí òjò dídì ibẹ̀ bá jìn ní íǹṣì 100, tó o bá yọ́ ọ, omi tó o máa rí kò ju bíi íǹṣì 8 sí 9 lọ. Afẹ́fẹ́ ni ìyókù. Lọ́dún tí kò sí ohun pàtàkì kan, gbogbo èyí tó rọ̀ máa ń lé ní mítà 13. Jim Steenburgh, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ojú ọjọ́ ní Yunifásítì Utah, ti kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì jẹ́ kó yé wa pé kì í ṣe pé ti Alta ló fúyẹ́ jù lágbàáyé. Bí ìjì ṣe ń tò ó ni àṣírí rẹ̀: èyí tó wúwo díẹ̀ máa ń kọ́kọ́ balẹ̀, èyí tó fúyẹ́ á wá bò ó lórí. Ìsàlẹ̀ á gbé oní-síkì ró, òkè á fún un ní eruku.

Ìjọba Utah ti sọ ọ́ di orin. Ó wà lára nọ́ńbà mọ́tò wọn pé tiwọn ni òjò dídì tó ga jù lọ láyé. Ilé-iṣẹ́ eré ẹranko Ringling, tó ti ń pe eré tirẹ̀ ní eré tó ga jù lọ láyé láti ìgbà pípẹ́, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, nítorí lédè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya gbólóhùn méjèèjì. Utah ló jàre ní 1999.

Wọ́n ti gbé pápá síkì Alta pàápàá lọ sílé ẹjọ́ rí, nítorí wọn kì í gba àwọn tó ń fi pátákó kan ṣoṣo ṣeré, àwọn oní-snowboard, láàyè níbẹ̀. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, pápá mẹ́ta péré ló ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn olùpẹ̀jọ́ ní ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni, kò sì yẹ kí wọ́n ya àwọn sọ́tọ̀ sí ọmọ Amẹ́ríkà yòókù. Wọ́n pàdánù ní 2014, wọ́n tún pàdánù ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2016. Ní tèmi, adájọ́ tọ̀nà: bí ènìyàn kò bá lè gbé pátákó kan wọ ibì kan, kì í ṣe ìnilára. Ṣùgbọ́n agídí àgbàlagbà wà nínú òfin yẹn, ká má purọ́.

Agídí yẹn náà ló sì jẹ́ kí ìlú náà ṣì kéré. Ó di ìlú tí òfin mọ̀ ní 1970. Láti 1972 títí di 2006, Bill Levitt tó ni òtẹ́ẹ̀lì Alta Lodge ló jẹ Méyọ̀ níbẹ̀, Méyọ̀ tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, fún ọdún 34. Lójú rẹ̀ ni wọ́n ṣí pápá síkì Snowbird sísàlẹ̀ wọn ní 1971 pẹ̀lú ilé gogoro àti ọkọ̀ orí wáyà tó ń gbé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Òun ò fẹ́ kí Alta dà bẹ́ẹ̀. Omi náà tún wà níbẹ̀: odò tó ń sàn láti òkè yìí wà lára ohun tí Salt Lake City ń mu, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó lè kàn mú ajá rẹ̀ gun àfonífojì náà.

Àmọ́ àwọn èrò kò kéré. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣì wà, ibi tó lé ní 60 ni òjò dídì sì lè ti ya sí i. Ní 2023, àwọn aláṣẹ ọ̀nà Utah kéde pé wáyà ńlá kan tó gùn tó kìlómítà 13 ni wọ́n fẹ́ fi máa gbé ènìyàn gòkè láti ẹnu àfonífojì. Ẹjọ́ ti tẹ̀ lé e. Ọdún yẹn kan náà, òjò dídì fúnra rẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀: ní àsìkò òtútù 2022 sí 2023, íǹṣì 903 ló rọ̀ sí Alta, ìyẹn bíi mítà 23, gíga ilé alájà méje. Ọ̀nà pa dé léraléra títí wọ oṣù Kẹrin. Lẹ́yìn àsìkò yẹn ni àwọn tó ni pápá síkì náà fi ìbọn àgbá sílẹ̀, tí òpó tí wọ́n rì mọ́ òkè, tó ń ju ohun abúgbàù sílẹ̀ láìsí ènìyàn nítòsí, gba iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́bí ní Salt Lake City, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá wo Alta ní oṣù Kejì, ẹ lọ. Ẹ kó aṣọ òtútù dání, ẹ má ṣe mú ajá. Bí àgbàlagbà kan ní òtẹ́ẹ̀lì bá sì sọ fún yín lálẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè ìdí. Ẹ padà lọ jókòó.